Abẹ́rẹ́ RSV fún àwọn àgbàlagbà: ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kì í sì í ṣe ti flu

Ní Ìlú Ọba, bí èèyàn bá ti pé ọmọ ọdún 75, ilé ìwòsàn GP rẹ̀ (dókítà àdúgbò) á fi lẹ́tà tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ pè é pé kó wá gba abẹ́rẹ́ RSV, ìyẹn respiratory syncytial virus, kòkòrò kan tó ń fa ọ̀fìnkìn àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Màmá á ní, "Ṣebí mo ti gba abẹ́rẹ́ flu lóṣù tó kọjá?" Ọmọ á ní bóyá òun náà ni wọ́n tún ń sọ, wọ́n á sì gbé lẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun kọ́. Abẹ́rẹ́ flu kò dí RSV lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti COVID kò dí i lọ́wọ́. Kòkòrò àìfojúrí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kálukú ló sì ní àjẹsára tirẹ̀. Kòkòrò flu máa ń paradà lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí a fi ń gba tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ti RSV, ẹ̀ẹ̀kan ni.

RSV kì í ṣe àrùn àná. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, lára àwọn ìnàkí tó ń ṣe ọ̀fìnkìn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Robert Chanock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára àwọn ọmọdé. Látìgbà náà ni wọ́n ti kà á sí àìsàn ìkókó, nítorí ó ṣòro kí ọmọ tó pé ọdún méjì láìkó o rí. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn oníṣègùn tó gbà pé ó ń pa àgbàlagbà náà.

Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé kíkó o lẹ́ẹ̀kan kò ní kó má padà wá. Àtọmọdé dàgbà là ń kó o. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó bá kó o á ṣe ọ̀fìnkìn fún ọjọ́ mélòó kan, á sì gbàgbé. Ti àgbàlagbà ọmọ ọdún 78 yàtọ̀. Ọmọ ogun ara rẹ̀ ti rẹ̀, kì í tètè jí sí ìjà mọ́, kòkòrò náà á sì ráyè sọ̀kalẹ̀ láti imú wọ inú àwọn ihò tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀, á mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tí lẹ́tà S (syncytial) tó wà láàárín orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí nìyẹn. Òkú sẹ́ẹ̀lì àti ikun imú á wá dí ọ̀nà. Èèyàn á máa mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ní dé ibi tó yẹ kó dé.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò fi gbọ́ orúkọ RSV rí ni pé orúkọ mìíràn ló ń gbà pa èèyàn. Wọ́n á ní òtútù àyà ni. Wọ́n á ní ikọ́ fée bàbá ló dìde. Wọ́n á ní ọkàn màmá, tó ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni kò gbé e mọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ RSV ló sábà máa ń tanná ràn án. Àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé láàárín 6,000 sí 10,000 àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni RSV ń pa níbẹ̀ lọ́dún. Ní Ìlú Ọba, nǹkan bí 9,000 àwọn tó ti lé ní ọdún 75 ló ń gbé dé ilé ìwòsàn lọ́dọọdún.

Kì í sì í wá láti ọ̀nà jíjìn. Inú ilé ló ń gbà wọlé, láti ọwọ́ ọmọ. Ẹ wo màmá tó ti Ìbàdàn wọ Houston ní oṣù Kọkànlá, tó wá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ìkókó. Ẹ̀gbọ́n ìkókó náà ń lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé lójoojúmọ́, imú rẹ̀ kò gbẹ. Màmá ń nu imú fún un, ó ń jẹ oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú àwo rẹ̀, ó ń pọ̀n ọ́n kó lè sùn. Ikọ́ àti èérí ọwọ́ ni RSV ń bá kiri, ó sì lè wà fún wákàtí mélòó kan lórí tábìlì, ìkọ́ ilẹ̀kùn tàbí ohun ìṣeré. Ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọ̀fun màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Bí ara wọn bá le, ó ṣeé ṣe kó mọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ tó ti kan kíndìnrín, tàbí ọkàn tó ti rẹ̀, ó lè má mọ síbẹ̀.

Ìdí tó fi pẹ́ kí àjẹsára yìí tó dé

Ní 1966, wọ́n dán àjẹsára RSV kan wò lára àwọn ìkókó ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi kẹ́míkà formalin pa kòkòrò náà, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn àjẹsára mìíràn láyé ìgbà yẹn, wọ́n sì gún un fún àwọn ọmọ. Nígbà tí RSV gidi dé, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ náà tí wọ́n sì kó àrùn ló dèrò ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 5 péré ni. Ọmọ méjì kú. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé ìṣègùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó tún rí ìwé àṣẹ gbà fún àjẹsára RSV.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò yé wọn dáadáa títí di ìgbà tí wọ́n fi wo puròtéènì kan lára kòkòrò náà tí wọ́n ń pè ní F. Òun ni RSV fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Kó tó wọlé, F ká jọ bí ìkúùkù tí èèyàn dì. Bó bá ti ráyè báyìí, á na tàntàn bí apá, á fa kòkòrò náà mọ́ sẹ́ẹ̀lì, kò sì lè ká jọ mọ́ láéláé. Nínú àjẹsára 1966, èyí tó pọ̀ jù nínú F ló ti nà kí wọ́n tó gún un. Ara wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń di apá tó ti nà mú, nígbà tó jẹ́ pé ìkúùkù ló yẹ kó dá mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Olè ti wọlé kí ọdẹ tó pariwo.

Ní 2013, Jason McLellan, Barney Graham, Peter Kwong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní iléeṣẹ́ ìwádìí NIH ní Amẹ́ríkà fi bí F ṣe rí nígbà tó ṣì ká jọ hàn, wọ́n sì wá ọ̀nà láti dì í pa síbẹ̀ kó má lè nà. Orí iṣẹ́ yìí ni gbogbo àjẹsára RSV tó wà fún àgbàlagbà lónìí dúró lé. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1966 kò ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ nígbà náà gan-an ni wọ́n tún ṣe.

Mẹ́ta tó wà, àti ohun tó wà nínú wọn

Arexvy ti iléeṣẹ́ GSK ló kọ́kọ́ gba àṣẹ FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2023. Abrysvo ti Pfizer tẹ̀lé e lọ́jọ́ 31 oṣù náà. mRESVIA ti Moderna gba tirẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2024. Kò sí kòkòrò tó wà láàyè nínú èyíkéyìí nínú wọn, nítorí náà kò sí bí abẹ́rẹ́ náà ṣe lè kó RSV ran ẹni tó gbà á.

Arexvy ní máíkírógírámù 120 puròtéènì F, pẹ̀lú ohun kan tí wọ́n ń pè ní AS01E tó ń jí ọmọ ogun ara sí iṣẹ́. Èèpo igi kan tó ń hù ní orílẹ̀-èdè Chile ni wọ́n ti ń rí apá kan lára ohun náà, irú rẹ̀ kan náà ló sì wà nínú àjẹsára ibà RTS,S tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní Benin ní 2024. Abrysvo náà ní máíkírógírámù 120, ṣùgbọ́n oríṣi RSV méjì tó wà, A àti B, ló pín in sí 60-60, kò sì ní irú ohun bíi AS01E yẹn nínú. mRESVIA ní tirẹ̀ jẹ́ mRNA, máíkírógírámù 50: ìlànà ló gbé fún ara kí ara fúnra rẹ̀ mọ F.

Nínú ìdánwò, Arexvy dín àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí RSV ń fà kù ní ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní sáà àkọ́kọ́, ó sì dín èyí tó le gan-an kù ní ìdá 94.1. Ti Abrysvo jẹ́ ìdá 66.7 fún àìsàn tó ní àmì méjì ó kéré tán, àti 85.7 fún èyí tó ní mẹ́ta. Ẹ má fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe ìdíje, nítorí ohun tí ìdánwò kọ̀ọ̀kan pè ní àìsàn kò rí bákan náà. Èyí tó wà níwájú yín ni kí ẹ gbà. Agbára rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, òótọ́ ni: tí wọ́n bá pa sáà mẹ́ta pọ̀, ti Arexvy já sí ìdá 62.9. Síbẹ̀, títí di báyìí, wọn kò tíì ní kí ẹni tó ti gba ọ̀kan padà wá gba òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń po ó tọ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti rọrùn. Bí ìyẹ̀fun funfun ni àjẹsára Arexvy àti Abrysvo ṣe wà nínú ìgò kékeré, omi tí wọ́n máa fi po ó sì wà lọ́tọ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti gbogbo omi náà sínú ìyẹ̀fun, kó máa yí ìgò náà lọ́wọ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi yọ́ tán, láìmì í jìgìjìgì. Á wá fa á jáde sínú abẹ́rẹ́, á sì gún un sínú iṣan òkè apá. Bó bá ti po ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ kó tó gún un. Bí ọwọ́ bá ń yá jù, tó bá jẹ́ omi yẹn nìkan ló gún, ìyẹ̀fun á wà nínú ìgò, àgbàlagbà á lọ sílé pẹ̀lú apá tó ń dùn ún, láìgba àjẹsára kankan. Kì í ṣe àfojúdi bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, èwo ni ẹ fẹ́ fún mi, ṣé ẹ ti po ó?" Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣèèṣì fún àwọn aláboyún ní Arexvy rí, nígbà tó jẹ́ pé Abrysvo nìkan ló ní àṣẹ fún wọn. Orúkọ tó wà lára ìgò ṣe pàtàkì.

Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè gbà á. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú, kí wọ́n lo abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, kó sì tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú méjì láìfi ọwọ́ ra á.

Ta ló tọ́ sí, ta ló máa sanwó

Ní Scotland, ètò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2024. England, Wales àti Northern Ireland bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Abrysvo ni wọ́n ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn tó wà láàárín 75 sí 79 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló bínú pé kí ló dé tí wọ́n fi àwọn tó dàgbà jù sílẹ̀. Ìdí ni pé àwọn tó ti lé ní 80 kò pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò. Lẹ́yìn tí ẹ̀rí ti pọ̀ sí i, ìgbìmọ̀ JCVI tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àjẹsára ní kí wọ́n fi àwọn tó ti pé 80 àti àwọn tó ń gbé ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kún un. 2025 ni wọ́n sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti sọ fún bàbá yín nígbà kan pé wọ́n ti kọjá ọjọ́ orí, ẹ padà lọ béèrè. Ẹ má sì dúró de lẹ́tà. Àdírẹ́sì àtijọ́ ni lẹ́tà mìíràn ń lọ. Ẹ pe GP. Ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP ní England lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí àdírẹ́sì tàbí ìwé ìgbélùú. Bí wọ́n bá béèrè, àìsí rẹ̀ kò tó ìdí láti lé èèyàn padà.

Ní Amẹ́ríkà, àṣẹ náà ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín kò fi bára mu. Ní 2023, wọ́n ní kí ẹni tó ti pé 60 bá dókítà rẹ̀ jíròrò. Ní 2024, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ti pé 75 gbà á, àti ẹni 60 sí 74 tí àìsàn kan wà lára rẹ̀. Ní 2025, wọ́n mú 60 ti àwọn aláìsàn yẹn wá sí 50. Lára àwọn àìsàn tí wọ́n ń kà ni àrùn ọkàn, ikọ́ fée, ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá bà jẹ́, àtọ̀gbẹ tó ti ba ẹ̀yà ara mìíràn jẹ́, àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ tó ti wọra, àti àárẹ̀ ọmọ ogun ara. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ibẹ̀ ní kọ́lọ́fín kan tó ń mú èèyàn. Nínú Medicare, ìbánigbófò ìlera ìjọba fún àwọn tó ti pé 65, Part B (ti dókítà) ló ń san ti flu, COVID àti òtútù àyà. Ti RSV, Part D (ti oògùn) ni. Ẹni tó bá ní Part D kò ní san kọ́bọ̀, láti oṣù Kìíní 2023 ni òfin ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní Part B nìkan á rí ìwé owó. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì dókítà kò sì lè gba owó lọ́wọ́ Part D, nítorí náà ilé ìtajà oògùn ni kí ẹ kọrí sí. Òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card lẹ́yìn ọdún 65, tí kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko kó tó lè ra Medicare, àyàfi bí iṣẹ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá gbà á wọlé. Màmá tó wá fún ìtọ́jú ìkókó pẹ̀lú físà àbẹ̀wò yóò sanwó lápò ara rẹ̀. Ìbánigbófò ìrìn-àjò sábà máa ń bo àìsàn òjijì, kì í bo àjẹsára. Nílé, ní Nàìjíríà, kò sí RSV àgbàlagbà nínú ètò àjẹsára ọ̀fẹ́ ìjọba. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ ti ka owó abẹ́rẹ́ náà mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà wo

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, RSV máa ń gbóná láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá, á sì ga jù ní oṣù Kejìlá àti Kìíní. Ara ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dira ogun lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Amẹ́ríkà fẹ́ràn kí èèyàn gbà á láàárín oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá. Ìlú Ọba ń fún un jálẹ̀ ọdún. Màmá tó ń bọ̀ wá gbé ìkókó kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ ìkómọjáde. Ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn bá kan ilẹ̀ ni kí ẹ mú wọn lọ. Ẹni tí wọ́n bá gún náà ló ń dáàbò bò. Ti ìkókó jẹ́ ọ̀tọ̀: abẹ́rẹ́ Abrysvo tí ìyá rẹ̀ gbà nínú oyún ni, láti ọ̀sẹ̀ 28 ní Ìlú Ọba, tàbí èyí tí wọ́n bá gún fún ọmọ fúnra rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, wọn kì í sábà fún àgbàlagbà ní RSV lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú flu tàbí COVID, torí ó lè dín bí ara ṣe ń dáhùn kù díẹ̀. Kò sí iye ọjọ́ kan pàtó tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n fún un pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ló ń gba ìsinmi níbi iṣẹ́ kó tó lè gbé òbí lọ, tí ìgbà kejì kò sì dájú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, apá lè dunni, orí lè fọ́, ara lè wúwo fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Arexvy ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju Abrysvo lọ: nínú ìdánwò, ìdá 60.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá dun àwọn, ti Abrysvo jẹ́ 10.5. Parasitamọ́ọ̀lù tó fún un. Ewu kan tó ṣọ̀wọ́n wà tí kò yẹ ká fi pa mọ́, àrùn iṣan tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré. Ní oṣù Kìíní 2025, FDA ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ìwé Arexvy àti Abrysvo méjèèjì. Wọ́n fojú bù ú pé Abrysvo ń fa nǹkan bíi 9 nínú mílíọ̀nù kan àwọn tó ti pé 65, Arexvy 7. Bí ẹsẹ̀ bá ń ṣe jìnnìjìnnì tàbí tí kò gbé èèyàn mọ́, tó sì ń gòkè bọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé mẹ́sàn-án nínú mílíọ̀nù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ikú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí RSV ń fà lọ́dún. Ìwọ̀n náà kò bára dọ́gba rárá.

Ẹni tí RSV bá ti dé bá kí ó tó gbà á kò ní oògùn kan pàtó tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn. Àbóníkí lè jẹ́ kí imú là, omi gbígbóná dára fún ọ̀fun, ṣùgbọ́n Ampiclox kò lè pa kòkòrò yìí. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni mímí. Bí ihà bá ń fà wọlé, bí màmá kò bá lè parí gbólóhùn kan kí wọ́n tó mí, bí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣàdédé dojú rú, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Àgbàlagbà lè ṣàìsàn gidi kí ara rẹ̀ má gbóná rárá. Lára awọ dúdú, ètè kì í sábà hàn pé ó ti yí padà. Inú ètè, èrìgì àti àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ má sì fọkàn tán ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ iye ọ́síjìn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tí ó ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó, ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Bí ó bá ka 95 tí màmá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, màmá ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, ẹ gba ìwé tó ní orúkọ àjẹsára náà, ọjọ́ tí wọ́n gún un àti nọ́ńbà tó wà lára ìgò, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù ọmọ méjì ó kéré tán. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn Manchester kò hàn sí ilé ìtajà oògùn ní Dallas. Òbí tó ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì láìnídìí, tàbí kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rò pé èkejì ti mú wọn lọ, kí wọ́n má sì gbà á rárá.